Ọ̀pá Pé, Ènìyàn Ò Pé

Ìyàwó dírẹ́bà ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Mò ń gbá iwájú ìsọ̀ mi lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó dé, kò kí mi, ó ní wọ́n ti rí bàbá kan lórí òkè. Ó ní ibẹ̀ ni bàbá ọ̀hún sùn mọ́jú. Ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán.

Mo ní, "Bàbá wo?"

Ó ní, "Ọ̀kan nínú àwọn tí ọkọ mi gbé wá lánàá ni. Tẹ̀lémi afinimọ̀nà ṣáà ń sọ pé òun kà wọ́n, pé wọ́n pé."

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe pé àánú bàbá náà ṣe mí tó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo ti pa irọ́ tèmi tán. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni dírọ́ọ̀mù ọ̀pá mi.

Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé mẹ́ta ni mo kà kí wọ́n tó fi mí sídìí ọjà, ẹ bá mi fara da bí mo ṣe ń kọ ọ́. Opó ni mí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí bàbá àwọn ọmọ mi ti lọ, àwọn ọmọ sì wà níbi tí wọ́n wà. Ìsàlẹ̀ òkè ni mo ti ń tajà: omi inú ike, fìlà, bisikíìtì, aṣọ òjò onírọ́bà. Àwọn tó ń wá wo òkè ni oníbàárà mi. Wọ́n á dé láàárọ̀, wọ́n á lọ ní ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tí í sùn níbẹ̀.

Ohun méjì ni wọ́n ń gùn ún lọ wò. Ọ̀kan ni ihò àpáta tí àwọn ará ìgbàanì sá sí nígbà ogun, ojú ibi tí wọ́n ti ń lọ nǹkan ṣì wà lára òkúta níbẹ̀, ó jin bí àwo. Èkejì ni ilé ìsinmi tí àwọn òyìnbó ìjọba kọ́ sókè téńté nítorí atẹ́gùn. Àtẹ̀gùn òkúta ló lọ láti ìsàlẹ̀ dé ibẹ̀, àwọn baba wa ni wọ́n fi tipátipá kó síṣẹ́ rẹ̀. Ẹrù òyìnbó, ibùsùn òyìnbó, nígbà míì òyìnbó fúnra rẹ̀, orí àti èjìká àwọn baba wa ló gbà gòkè.

Ọ̀pá ni iṣẹ́ mi gan-an. Ọkọ mi ló fi í sílẹ̀ fún mi. Ọgbọ̀n ọ̀pá ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi, ọkọ mi fi irin gbígbóná kọ nọ́ńbà sára ìkọ̀ọ̀kan. Méje àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀pá lásán. Ọ̀pá àwọn aláàárù ayé òyìnbó ni. Irin ṣóńṣó wà nídìí wọn, ibi ìdìmú wọn sì ti jẹ sínú bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò kù. Bàbá ọkọ mi wà lára àwọn tí ọwọ́ wọn jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bá a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹni tó bá fẹ́ gòkè á mú ọ̀pá kan. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, á jù ú sínú dírọ́ọ̀mù tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, afinimọ̀nà ò ní ka orí ẹnikẹ́ni, ọ̀pá ló máa kà. Torí pé ẹni tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ kì í dúró síbì kan: èyí ti wọ mọ́tò, èyí ti lọ tọ̀, èyí ń ná fìlà lọ́wọ́ mi. Tẹ̀lémi máa ń sọ pé, "Ènìyàn ń rìn, ọ̀pá kì í rìn." Tó bá kà á tán, á kígbe pé, "Ó pé!" Àwọn dírẹ́bà á tẹ fèrè.

Tẹ̀lémi ni afinimọ̀nà náà. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta kó má sọ pé "Ẹ tẹ̀lé mi." Ó tó ọmọ bíbí inú mi. Ní ìrọ̀lẹ́, tí mọ́tò bá ti lọ, á jókòó sórí àga ọkọ mi níwájú ìsọ̀, màá po tíì fún un, á máa sín àwọn àlejò jẹ fún mi. Obìnrin tó bi í léèrè pé ìgbà wo ni wọ́n ń ti òkè náà pa. Ọkùnrin tó ní kí ló dé tí àwọn ará ìgbàanì ò fi kọ́ ihò wọn sí ìsàlẹ̀, kó lè rọ gbogbo wa lọ́rùn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni. Gbogbo wákàtí tó kù nínú ọjọ́ mi, mò ń dúró de ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ni. Tó bá ti lọ, màá ti ilẹ̀kùn, èmi àti rédíò la ó jọ máa bára wa jà.

Obìnrin kan tó ń ta nǹkan àtijọ́ ló kó bá mi. Ó bi mí pé èló ni ọ̀pá nọ́ńbà kejì. Mo ní kì í ṣe títà. Ó dá owó lé e. Mo tún ní kì í ṣe títà, ṣùgbọ́n ohùn mi ti rọ̀. Ọlọ́jà bíi tèmi ni, ó gbọ́ ọ. Owó tó dá gbẹ̀yìn tó owó ọgọ́rùn-ún fìlà.

Ẹ ò ní mọ bí irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí lójú ẹni tó ń ta bisikíìtì. Mo sọ fún ara mi pé òkú kì í tẹ̀pá. Mo sọ fún ara mi pé ta ló máa mọ̀.

Mo lọ bá káfíńtà. Mo ní kó bá mi gbẹ́ irú rẹ̀, mo ní ti tẹ́lẹ̀ ti ń jẹrà. Mo gbé èyí tó gbẹ́ sókè ààrò, mo fi èéfín gbá a fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo fi òkúta ha ibi ìdìmú rẹ̀. Mo fi irin gbígbóná kọ nọ́ńbà kejì sí i bí ọkọ mi ṣe ń kọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kó o mọ́ àwọn yòókù, Tẹ̀lémi kà á, ó ní ó pé.

Mẹ́rin ni mo tà bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, ẹ mọ ìyókù. Mo pààrọ̀ páànù orí ìsọ̀ mi, mo ra fìríìjì. Tẹ̀lémi fọwọ́ gbá fìríìjì náà, ó ní Ìyá Ọ̀pá ti di olówó, ó ní kí n má gbàgbé òun tí mo bá dé ibi ọlá. Mo ní kó mu tíì rẹ̀ kó máa lọ sílé ìyàwó rẹ̀.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, méjìdínlógún ni wọ́n, mọ́tò méjì ló gbé wọn wá. Ọkùnrin onífìlà pupa kan wà nínú wọn, òun àti ìyàwó rẹ̀. Kó tó gòkè ló ti yọ́ wá bá mi. Ó ní ẹnì kan níbi iṣẹ́ òun sọ fún òun pé Màmá máa ń ṣàánú èèyàn. Ó mú ọ̀pá nọ́ńbà keje, ó sì sanwó rẹ̀ sí mi lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àdéhùn wa ni pé tó bá sọ̀ kalẹ̀, kó gbé ọ̀pá gba ẹ̀yìn ìsọ̀ mi, kó tì í sábẹ́ ìjókòó mọ́tò.

Ayédèrú nọ́ńbà keje ti wà nílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìgbà tí ẹni tó rà á bá gbé tirẹ̀ wọ mọ́tò tán ni mo máa ń ju ayédèrú sínú dírọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ yẹn, òjò ṣú. Mo mọ̀ pé tó bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn á ya bò mí nítorí aṣọ òjò, mi ò ní ráyè. Mo bá ju ayédèrú sínú dírọ́ọ̀mù láti ọ̀sán, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀.

Òjò dé lóòótọ́. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wìtìwìtì, wọ́n ń ju ọ̀pá sílẹ̀ gbàgà-gbàgà. Mo ta aṣọ òjò mọ́kànlá, mi ò gbójú sókè. Tẹ̀lémi dúró sínú òjò, ó ka ọ̀pá. Ó tún un kà. "Ó pé!" Àwọn dírẹ́bà tẹ fèrè, wọ́n lọ. Tẹ̀lémi ò dúró mu tíì, aṣọ rẹ̀ ti rin gbingbin.

Nígbà tí ìyàwó dírẹ́bà kúrò lọ́dọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo da dírọ́ọ̀mù dé ilẹ̀. Ọ̀pá méjìdínlógún. Méjì nínú wọn ló jẹ́ nọ́ńbà keje.

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Onífìlà pupa ò gbé ọ̀pá lọ. Bóyá ẹ̀rù bà á, bóyá ìyàwó rẹ̀ ló ká a mọ́. Ó jù ú sínú dírọ́ọ̀mù bíi ti gbogbo wọn, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹni mẹ́tàdínlógún ló dá ọ̀pá padà. Èkejìdínlógún, èmi ni mo fi síbẹ̀. Ayédèrú mi ni Tẹ̀lémi kà mọ́ ènìyàn.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo ṣẹ́ ayédèrú náà sí mẹ́ta, mo fi dáná tíì.

Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló dá wá, kò sẹ́ni tó máa béèrè rẹ̀ nínú mọ́tò. Àwọn ti mọ́tò kìíní rò pé ó wà nínú èkejì, àwọn ti èkejì rò pé ó wà nínú ti kìíní. Bàbá tó bí i ni kúùkù ilé ìsinmi òyìnbó nígbà ayé rẹ̀, ìyẹn ló tìtorí rẹ̀ gòkè. Ó yà sẹ́yìn ilé lọ wo ilé ìdáná tí bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí òkúta tútù. Ó ní òun gbọ́ fèrè mọ́tò. Ó ní òun dá a lóhùn.

Ọjọ́ kẹta, ọ̀gá ọ́fíìsì tó ń bójú tó òkè náà pe èmi àti Tẹ̀lémi. Ẹsẹ̀ kan tábìlì rẹ̀ kúrú, wọ́n ká ìwé sábẹ́ rẹ̀. Tẹ̀lémi dúró, èmi jókòó. Ó ní òun ka ọ̀pá, ó ní ó pé. Ọ̀gá bi í pé ṣé ọ̀pá ló wá di ènìyàn tó wà ní ọsibítù ni. Ọ̀gá wá kọjú sí mi, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ṣé ó kà á?"

Mo ní, "Òjò ń rọ̀. Mo rí i pé ó ń kánjú."

Gbólóhùn méjì ni. Kò sí irọ́ nínú ọ̀kankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà mí, ẹ bẹ̀rù òótọ́ tí wọ́n bá fi bo nǹkan mọ́lẹ̀, ó burú ju irọ́ lọ, torí ẹni tó sọ ọ́ á ṣì lè sùn.

Tẹ̀lémi yíjú sí mi. Kò bínú. Ó ń wò mí bí ẹni tí ń wá nǹkan tó gbé sílẹ̀ tí kò rí i mọ́. Ó ní, "Ìyá, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì." Èmi ló sọ ọ́ fún, kì í ṣe ọ̀gá. Ìwé abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ni mò ń wò.

Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní kó san owó ọsibítù bàbá, ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án náírà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọlọ́pàá á dá sí i. Ó ta alùpùpù rẹ̀, ó yá èyí tó kù. Mo gbọ́ pé ó ń kó yanrìn sínú ọkọ̀ fún àwọn tó ń kọ́lé.

Ọmọbìnrin kan ni wọ́n gbà rọ́pò rẹ̀, ó ń so fèrè mọ́rùn. Orí ló ń kà, ó ń na ìka sí wọn bí ẹni ń ka adìyẹ. Tí mọ́tò bá lọ, òun náà lọ. Mo ní kó wá mu tíì, ó ní òun kì í mu ún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Ife méjì ni mo máa ń kó síta ní ìrọ̀lẹ́ láì mọ̀. Omi á hó tán kí n tó rántí. Màá wá jókòó ti àga ọkọ mi, màá máa mu ti ọ̀kan, màá máa wo bí èkejì ṣe ń tutù. Mo ti ní fìríìjì. Kò sẹ́ni tí mo ń bu omi tútù fún.

Lọ́jọ́ kan tí àlejò kankan ò wá, mo mú ojúlówó ọ̀pá nọ́ńbà keje, mo gòkè. Mi ò débẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú. Mo sinmi lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọwọ́ mi bọ́ sí ibi tó jẹ sínú lára ọ̀pá náà gẹ́lẹ́, bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n fún mi.

Mo dé ẹ̀yìn ilé ìsinmi. Ilé ìdáná náà ò ju yàrá kan lọ, ògiri rẹ̀ dúdú, òrùlé ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo jókòó síbi tí wọ́n ní wọ́n ti bá bàbá. Mo wo ìsàlẹ̀. Ìsọ̀ mi kéré bí páálí ìṣáná, ṣùgbọ́n páànù tuntun mi ń kọ yànrànyànràn. Kò sí nǹkan míì tí ojú lè wò láti ibẹ̀. Owó ọ̀pá ni mo fi ra páànù yẹn, òun sì ni bàbá náà wò títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ ọn lórí.

Mo kígbe, "Ẹ gbà mí o." Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìsàlẹ̀ á gbọ́. Àpáta ló dá mi lóhùn. Mo sọ̀ kalẹ̀, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan. Bí ọkàn mi ṣe le tó nìyẹn.

Oṣù kẹrin ni ọjọ́ pé. Tẹ̀lémi wá sí ọ́fíìsì wá gba ìwé kan, ọ̀gá sì sìn ín jáde. Wọ́n dúró níwájú ìsọ̀ mi. Tẹ̀lémi kí mi, "Ẹ káàsán, Ìyá." Bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí wọn ò mọ̀ ló ṣe kí mi.

Ọkọ̀ kan dúró. Obìnrin kan bọ́ sílẹ̀, ó ń wo ojú mi, ó ń wo dírọ́ọ̀mù. Ó ní, "Ẹ̀yin ni Màmá tó ń ta ọ̀pá?"

Mo ní fìlà ni mo ń tà.

Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká má jọ tan ara wa. Ọkọ mi onífìlà pupa san owó ọ̀pá nọ́ńbà keje fún yín lọ́jọ́ òjò yẹn. Mo ní a ò ní gbé nǹkan àwọn baba onílùú wọnú ilé mi. Owó mi ni mo wá gbà. Ọjọ́ yẹn ni ǹ bá ti gbà á, òjò ni ò jẹ́."

Mo ní kó má pariwo. Kò kúkú pariwo. Ọ̀gá ti sún mọ́ wa.

Tẹ̀lémi ló bi í, jẹ́jẹ́, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ wá fi ọ̀pá náà ṣe?"

"Mo jù ú sínú dírọ́ọ̀mù yìí. Ọwọ́ ara mi ni."

Mo rí ìka Tẹ̀lémi tó ń lọ lára itan ṣòkòtò rẹ̀, ó ń kà. Ó kà á tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wò mí.

"Ìyá. Kí ni mo kà?"

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti fi ń tajà, mi ò wá èsì tì rí. Nígbà tí mo máa sọ̀rọ̀, ohun tó jáde ò ju èyí lọ: "Ọ̀kan nínú wọn, èmi ni mo fi síbẹ̀."

Ọ̀gá lọgun. Ìyàwó onífìlà pupa fọwọ́ bonu. Tẹ̀lémi wo àga ọkọ mi níwájú ìsọ̀, ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ. Lọ́jọ́ yẹn, kò ní kí ẹnikẹ́ni tẹ̀lé òun.

Wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí Tẹ̀lémi padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní yanrìn dára, yanrìn kì í jẹ́rìí èké. Owó ọsibítù, wọ́n ní èmi ni kí n dá a padà fún un, mo sì ní bẹ́ẹ̀ ló tọ́. Mo dá owó obìnrin náà padà fún un. Mo lọ bẹ bàbá akọ̀wé kóòtù nílé rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ lé àpótí, ó ní kí n dìde nílẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, Ìyá, ẹ má jẹ́ kí n rò pé èmi náà gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, mi ò lè ṣe é mọ́." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in.

Mo ta fìríìjì. Mo tú páànù, mo tà á, mo dá àlòkù tó ń jò padà sórí ìsọ̀. Ìyókù, oṣooṣù ni mo ń gbé e lọ, ọdún kan àti oṣù méjì. Ìyàwó Tẹ̀lémi ló máa ń gbà á lẹ́nu ọ̀nà, á ní "Ẹ ṣé mà," á ti ilẹ̀kùn. Mo máa ń gbọ́ ohùn Tẹ̀lémi nínú ilé nígbà míì. Ó ń sín ènìyàn jẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Oṣù tó kọjá, mo gbé èyí tó kẹ́yìn lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló jáde sí mi. Ó ti rù, yanrìn wà nínú irun rẹ̀. Ó gba owó náà, ó dúró síbẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kà á tán. Ó dà á dé, ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò yára, kò mú ojú kúrò.

Mo dúró. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó pé," ló wí. Kò kígbe ẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wọn. Mo wò ó, òun náà wò ó. Kò ní kí n jókòó.